Ọ̀rọ̀ Náà 'Ọ́ńkù': Orísun Rẹ̀ àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ Láàárín Wa

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní ọdún tó kọjá, mo sunkún, n kò sì ríran. Àbúrò mi tí ó ń gbé ní Èkó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé: 'Ọ́ńkù ti jáde láyé. Ọ̀sán yìí ni wọ́n máa sin wọ́n.' Bí mo ti kà á tán ni bátìrì fóònù mi tán. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ti ń ṣàìsàn ní Ìkìrun láti bí oṣù mẹ́ta, nítorí náà n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi wọ ọkọ̀ Ìkìrun. Ẹni tí mo ń sunkún rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó kú, ní Ìwó. Kí n tó dé ọ̀hún, àwọn àlùfáà ti kírun sí wọn lára, wọ́n sì ti sin wọ́n.

Àbúrò mi kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó lò ni kò tó ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ orísun ọ̀rọ̀ náà wò, kí a sì fi hàn pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pín ẹbí yàtọ̀ sí èyí tí Yorùbá fi ń pín in.

Orísun ọ̀rọ̀ náà

'Uncle' ni Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú èdè Látìnì ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí ó ti jẹ́ 'avunculus'. 'Avus' ni Látìnì ń pe bàbá àgbà. Ìtumọ̀ 'avunculus' gan-an ni 'bàbá àgbà kékeré'. Arákùnrin ìyá nìkan ni wọ́n sì ń fi orúkọ yìí pè. Arákùnrin bàbá ní orúkọ tirẹ̀, 'patruus'. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí níhà obìnrin: arábìnrin bàbá ni 'amita', tí Gẹ̀ẹ́sì fi di 'aunt', arábìnrin ìyá ni 'matertera'.

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà mọ ìyàtọ̀ yìí. 'Eam' ni wọ́n ń pe arákùnrin ìyá, wọ́n sì ń pe arákùnrin bàbá ní 'fædera'. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy tí ń sọ èdè Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè wọn sì di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́. Èdè Faransé ti pa 'patruus' tì, ó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe arákùnrin ìyá àti ti bàbá. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1300, 'uncle' ti wọ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gba ipò ọ̀rọ̀ méjèèjì ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ tí a yá lò yìí ti sọ ohun kan nù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá.

Bí Yorùbá ṣe ń pín in

Kí ni Yorùbá ń pe 'uncle'? Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Mẹ́rin ni a ní:

ẹ̀gbọ́n bàbá mi
àbúrò bàbá mi
ẹ̀gbọ́n ìyá mi
àbúrò ìyá mi

Bí a bá wò wọ́n dáadáa, a óò rí i pé ohun méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ: ìhà tí ẹni náà wà, àti bóyá ó ju òbí wa lọ tàbí ó kéré sí i. Kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àfi bí a bá fi kún un. 'Uncle' ní tirẹ̀ sọ pé ọkùnrin ni, kò sì sọ ìhà tàbí ọjọ́ orí. Ohun tí èdè kan sọ ni èkejì pa mọ́.

Ọjọ́ orí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré láàárín wa. Ní 1942, William Bascom kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lórí ipò àgbà nínú ètò àwùjọ Yorùbá. N. A. Fádípẹ̀ náà jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ẹbí nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1970.

Bí ọ̀rọ̀ àyálò ṣe di tiwa

Èdè Yorùbá kì í gba àlejò láì fún un ní aṣọ wọ̀. Nítorí pé kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀lé ara wọn nínú èdè wa, a fi fáwẹ̀lì sáàárín 'br' kí 'brother' tó di bùrọ̀dá. A sì ké ìparí 'uncle' kúrò kí ó tó di ọ́ńkù.

Ìtumọ̀ náà yí padà pẹ̀lú. Ẹ wo àǹtí: ẹ̀gbọ́n ẹni obìnrin ni ọ̀pọ̀ wa ń pè bẹ́ẹ̀, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ṣe láéláé. Ẹ tún wo ọ́ńkù: ọmọdé ń pe ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó jókòó tì í nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbúrò bàbá mi bá kéré sí mi lọ́jọ́ orí, orúkọ rẹ̀ ni n ó pè é, bẹ́ẹ̀ 'uncle' ni lójú Gẹ̀ẹ́sì. Èyí fi hàn pé òfin àgbà tiwa ti borí òfin ẹbí tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ́ńkù ti di ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Kò sí èyí tí ó burú nínú rẹ̀, bí a bá ń kí ènìyàn.

Ìgúnlẹ̀

Ibi tí ewu wà ni ibi tí a bá ti fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹbí. Kì í ṣe pé kí a lé ọ́ńkù jáde ni a ń wí. Àbá wa ni pé kí ẹni tí ń túmọ̀ ìwé má ṣe kọ ohunkóhun fún 'my uncle' títí yóò fi mọ ẹni tí ìtàn ń sọ. Bí ìwé kò bá sì sọ ọ́, kí ó mọ̀ pé òun fúnra òun ni ó yan èyí tí òun kọ. Kí àwa náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìbí, ìgbéyàwó tàbí ikú, pe ẹni kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀.

Mo dé Ìwó fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àbúrò mi náà wá. Nígbà tí ó ń ka orúkọ àwọn tí ó wá bá wa kẹ́dùn fún bàbá wa, ó ní, 'Ọ́ńkù Ìkìrun náà wá.' Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wò mí, ó ní, 'Àbúrò ìyá wa.'