Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Fún Ẹni Tó Ń Ra Kọ́bọ̀ Àtijọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní Dùgbẹ̀ tàbí Òyìngbò, bí ìyá ọlọ́jà bá dá iye lé ọjà, a ó wo ojú rẹ̀, òun náà á wo tiwa, a ó yí ọjà náà sọ́tùn-ún yí i sósì, a ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, á sì pè wá padà. Kò sí èyíkéyìí nínú eré yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò la rí, iye la rí, bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ níbẹ̀ á bẹ̀rù, á wádìí. Ẹni tó fẹ́ ra kọ́bọ̀ àtijọ́ kì í bẹ̀rù rárá, nítorí owó rẹ̀ kò ju owó ìpápánu lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé: ẹni tó ń tà á kò náání rẹ̀, ẹni tó ń rà á kò yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ẹrù bá dé tán ni inú olùrà á wá máa ru.

Owó tí mò ń wí ni àwọn owó onírin tí Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912, ń kó wá sí Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà, kí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù Keje 1959. Kọ́bọ̀ oníhò, ẹ̀pìnnì, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, àti ọ̀nínì tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀. Ihò àárín kọ́bọ̀, ẹ̀pìnnì àti ọ̀nínì ni wọ́n fi ń sín wọn mọ́ okùn. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní London àti èyí tó wà ní Ìbàdàn jọ ń wá wọn kiri báyìí, àwọn kan nítorí ìtàn, àwọn mìíràn nítorí pé ìyá àgbà wọn ní irú rẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí. Wọn kò wọ́n, nítorí wọ́n rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù. Ẹni tó bá gbàgbé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn olùtajà ń jẹ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti 1936, nítorí kò sí ìpolówó tó ń tan èèyàn jẹ tó o. Ọba Edward Kẹjọ gorí ìtẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, ó sì fi adé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá nítorí obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí owó tó ní orí rẹ̀ lára tí wọ́n kó síta fún ará ìlú láti ná. Ìwọ̀nba tí wọ́n rọ fún àyẹ̀wò ló wà. Ní 2020, wọ́n kéde pé ẹnì kan ra ẹyọ kan tó jẹ́ wúrà ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn. Àwọn tó ń tajà mọ ìtàn yìí dunjú. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé kọ́bọ̀ oníhò tiwa kò ní orí ọba kankan lára, orúkọ ọba nìkan ló wà níbẹ̀. Wọn kò ní láti dúró de ayàwòrán kankan. Wọ́n kọ EDWARDVS VIII sí i, wọ́n sì ń rọ ọ́ lọ ní London àti ní Birmingham, ẹ̀pìnnì àti ọ̀nínì pẹ̀lú rẹ̀. Àparò kan ò ga ju àparò kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́bọ̀ 1936 kan ò níyì ju ìkejì lọ, àfi èyí tí ọwọ́ ọlọ́jà kò tíì kàn, tó ṣì ń dán bí ìgbà tó kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá kọ “ọ̀wọ́n gógó” sí i, tó ń béèrè ogún pọ́ùn, ẹ má bá a jà. Ẹ lọ wo iye tí irú rẹ̀ ti tà. Iye tí wọ́n ń béèrè kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí ẹnikẹ́ni lè béèrè ohun tó bá wù ú. Àwọn ojúlé ọjà tó dára máa ń fi èyí tí wọ́n ti tà hàn lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni òótọ́ wà.

(Ìbátan irọ́ yìí ni ti àwọn tó ń pín in kiri lórí WhatsApp pé àwọn ń ra kọ́bọ̀ 1973 ní mílíọ̀nù náírà. Kí ẹ tó tà á, wọ́n á ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà.)

Ṣílè náà ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n rọ láti 1913 sí 1920 jẹ́ fàdákà gidi. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́, nítorí fàdákà ti gbówó lórí lẹ́yìn ogun. Síbẹ̀ ẹ ó rí ṣílè 1938 tí wọ́n kọ “fàdákà” sí nísàlẹ̀. Nígbà mìíràn olè kọ́, àìmọ̀kan ni. Àpò yín kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ wo ọdún kí ẹ tó wo àlàyé. Ẹni tó bá sì ní irin òòfà lọ́wọ́ kó máa fi dán an wò, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi rọ owó náà: òòfà kì í fa fàdákà, kì í fa idẹ, àmọ́ ó ń fa owó onírin Nàìjíríà ti 1991 nítorí irin ló wà nínú wọn, ayédèrú kọ́.

Fọ́tò ni wàhálà tó kàn. Olùtajà tó ní igba kọ́bọ̀ kì í ya igba fọ́tò. Á ya ẹyọ kan tó rẹwà, á sì fi èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ránṣẹ́. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí i kí ẹ tó sanwó: ṣé èyí tó wà nínú fọ́tò yìí gan-an ni mo máa gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Lára owó wọ̀nyí ni lẹ́tà kékeré kan máa ń wà: H fún ilé iṣẹ́ Heaton, KN fún King’s Norton, Birmingham ni méjèèjì, èyí tí kò ní lẹ́tà, London ni. Ní àwọn ọdún kan, lẹ́tà yìí ló ń yà èyí tó pọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó mọ níba. Fọ́tò tí kò bá jẹ́ kí ẹ rí i kò wúlò fún yín. Olùtajà tí kò bá sì dáhùn ìbéèrè nígbà tó ṣì ń wá owó yín, kí ni yóò ṣe nígbà tí owó bá ti wọ àpò rẹ̀?

Kọ́bọ̀ tó ń dán yanran lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, ẹ fura sí i. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi òróró idẹ bó o lára. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde: àwọ̀ dúdú tí ọdún fi sára owó ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń wá, èyí tí wọ́n bá ti fọ̀ kì í níyì lọ́wọ́ wọn mọ́.

Owó ìfiránṣẹ́ ló wá ń pa èèyàn jù. Kọ́bọ̀ pọ́ùn kan, owó tí yóò fi ti London dé Ìbàdàn lè ju tirẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ká má tilẹ̀ sọ̀rọ̀ káàdì báńkì tó lè kọ̀ láti san owó òkèèrè nígbà mìíràn. Ẹ má ṣe ra ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ kó ohun tí ẹ ń wá jọ sọ́dọ̀ olùtajà kan, kí ẹ béèrè pé kó dì wọ́n pọ̀, kó gba owó ìfiránṣẹ́ kan. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé rẹ̀, kó dúró de ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Bí páálí bá dé, ẹ máa ya fọ́tò bí ẹ ṣe ń tú u. Bí ohun tó wà níbẹ̀ kì í bá ṣe ohun tí ẹ rà, ẹ kọ̀wé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ fi fọ́tò náà sí i, láì bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ á dá owó padà láì ní kí ẹ dá ọjà padà, nítorí àwọn náà mọ̀ pé kò tó owó tí wọn yóò fi gbé e. Èyí tó bá kọ̀, ẹ sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbi tí àwọn olùrà ń kọ ẹ̀rí sí, kí ẹ má rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí pọ́ùn méjì kò bójú mu fún àgbàlagbà.

Ẹ má fọ owó náà, ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí aṣọ òjò tuntun. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ohun àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ bo owó onírin. Àpòòwé bébà kékeré ti tó. Ẹ kọ ọdún rẹ̀ sí i lẹ́yìn, lẹ́tà tó wà lára rẹ̀, orúkọ ẹni tó tà á, àti iye tó ná yín pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́.