Ọgbẹ́ Ti Jinná, Ọkàn Ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí dá lé ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ sọ síta: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó máa ń bá àwọn ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ pròsítéètì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ obìnrin nínú àìsàn ọkùnrin, ìdáhùn wa kò jìnnà. Àwa ni à ń fọ aṣọ ibùsùn tí ìtọ̀ ti rin. Àwa ni à ń kó oúnjẹ tí wọn kò fẹnu kàn kúrò lórí tábìlì. Àwa ni a óò kọ́kọ́ rí i.

OHUN TÍ ÀWA FÚNRA WA ṢE

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un, dókítà sì sọ pé ó yọrí sí rere. Àwọn ọmọ ṣe ìdúpẹ́, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a jó dé iwájú. Bàbá kò jó. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò wá sí ìsìn mọ́. Ìwé ìròyìn tí kì í fi ṣeré tẹ́lẹ̀, kò ṣí i wò mọ́. Pálọ̀ ni ó ń jókòó sí láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n ṣí kọ́tìnnì.

Àwa mẹ́rin lọ kí i, a gbé búrẹ́dì àti mílíìkì lọ́wọ́. A ní, "Bàbá, ẹ máa dúpẹ́ o. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ yín tí àìsàn yìí mú ni ó ṣì wà láyé?" Bàbá mi orí, wọ́n ní a ṣeun. Nígbà tí ìyàwó wọn sìn wá dé ẹnu géètì ni ó tó sọ fún wa pé, lóru àná, ọkọ òun ní ì bá sàn kí òun ti kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. A kò mọ ohun tí a lè sọ. A ní kí ó máa gbàdúrà, a sì bá tiwa lọ.

Ẹ̀yin arábìnrin, a ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, a ti rò ó bọ̀. Àwa tí a lọ tu bàbá nínú, ọpẹ́ ni a fi dí i lẹ́nu. Ẹni tí a ní kí ó máa dúpẹ́, báwo ni yóò ṣe tún sọ fún wa pé inú òun bàjẹ́? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àwa ni a pa á lẹ́nu mọ́.

OHUN TÍ IṢẸ́ ABẸ NÁÀ Ń MÚ LỌ

Pròsítéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tí ọkùnrin nìkan ní. Bí ara bá le, kò ju èso awùsá kan lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni ó wà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì la àárín rẹ̀ kọjá. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ó ń mú ọkùnrin ní Nàìjíríà, tirẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù. Ní ìlú Ọba, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, ọ̀kan nínú ọkùnrin mẹ́jọ ni yóò ní i láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni.

Bí a bá yọ ọ́ tán, a ó fi rọ́bà tí ń fa ìtọ̀ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà náà, ìtọ̀ lè máa já bọ́ bí ọkùnrin náà bá wúkọ́, bí ó bá sín, tàbí bí ó bá dìde. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, èyí a máa dín kù láàrin oṣù díẹ̀ sí ọdún kan. Ọ̀ràn kejì ni ti iyàrá tọkọtaya. Àwọn iṣan tín-ín-rín tí ó ń fún ọkùnrin ní agbára láti bá aya rẹ̀ lò pọ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pròsítéètì. Ní 1982, dókítà Patrick Walsh ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀nà tí a lè gbà dá àwọn iṣan náà sí hàn. Síbẹ̀, kò ṣeé ṣe fún gbogbo ènìyàn. Bí a tilẹ̀ dá wọn sí, ó lè tó ọdún méjì kí agbára náà tó padà. Ti ẹlòmíràn kì í padà bí ti àtẹ̀yìnwá.

Àwọn mìíràn wà tí àrùn náà ti tàn ká kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n lè yọ kóró ẹpọ̀n wọn, tàbí kí wọ́n máa gún wọn lábẹ́rẹ́ tí yóò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, nítorí ohun tí kóró náà ń pèsè ni jẹjẹrẹ yìí fi ń dàgbà. Dókítà Charles Huggins ni ó fi èyí hàn ní 1941. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ a máa mú ooru òjijì, àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ wá. Àwa tí nǹkan oṣù wa ti dá dúró, a mọ ohun tí à ń wí.

Ẹ wá wò ó: olórí ilé tí ó ń tọ̀ sára bí ọmọdé, tí ojú sì ń tì í láti sún mọ́ aya rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣe, kò kàn sí ẹni tí ó bá a kẹ́dùn ni.

ÌBÀNÚJẸ́ LÁSÁN NI, TÀBÍ ÀÌSÀN?

Kò burú bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì lójoojúmọ́, tí ohun tí ó fẹ́ràn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí kò lè sùn tàbí tí ó ń sùn jù, tí kò lè jẹun, tí ó ń sọ pé òun ti di ẹrù sí wa lọ́rùn, àìsàn ni. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ní sunkún. Ìbínú ni wọn yóò fi hàn, tàbí ọtí, tàbí ìdákẹ́. Kì í ṣe àìmoore, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì ṣe pé ó kórìíra aya rẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé, "Kí ni ó le jù fún yín nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́. Ẹ má sáré fi ìmọ̀ràn lé e.

2. Ẹ bá a padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ sọ ti ìtọ̀, ti iyàrá àti ti ọkàn, nítorí ìtọ́jú wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ọkàn lè jẹ́ ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, tàbí oògùn. Oògùn náà a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́. Kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Àdúrà àti oògùn kì í bá ara wọn jà.

3. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Aro bà yín lẹ́rù. Ní 1954, dókítà T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé láàrin ará abúlé, tí ẹbí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ti mọ̀ pé ẹbí wà lára oògùn.

4. Bí wọ́n bá ti yọ rọ́bà, kí ó máa fún iṣan ìsàlẹ̀ ara pọ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, kí ó ka ení dé àrún, kí ó tú u sílẹ̀. Kí ó ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kí ó má fi omi mímu du ara rẹ̀.

5. Bí ó bá kó lọ sí iyàrá mìíràn, ẹ fi sùúrù pè é padà. Ìfọwọ́kanra àti ọ̀rọ̀ tútù kò sí lára ohun tí dókítà gé.

6. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ro pípa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn ilé kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyàwó bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́n jù wá lọ. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú bàbá. Ó gba oṣù díẹ̀. Nísinsìnyí bàbá ti ń wá sí ìsìn, ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni wọ́n ń lò, nítorí ilé ìtọ̀. Àwa mẹ́rin ti lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a tún máa gbé búrẹ́dì bọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(a) Dárúkọ àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára ọkùnrin.
(b) Kí ni ó burú nínú ohun tí àwa mẹ́rin sọ fún bàbá? Kí ni à bá ti sọ?
(d) Ta ni ó wà ládùúgbò rẹ tí ó ti ilé-ìwòsàn dé, tí a kò rí i mọ́? Ọjọ́ wo ni ìwọ yóò lọ gbọ́ tẹnu rẹ̀?