Ẹnìkan Ló Ń Sanwó Wi-Fi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ní dátà kì í bá ọ kalẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ Wi-Fi ló máa ń hàn lójú fóònù rẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn bí àwọn fóònù wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí ọ̀dọ́ tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ka Wi-Fi sí dátà ọ̀fẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí fóònù ń gbà bá router sọ̀rọ̀ láìlo wáyà ni. Láti ibi router dé íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan ti sanwó. Ẹni tó pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ lè má san kọ́bọ̀, àmọ́ ẹnìkan ló ń san owó iná tó ń fà á. Ní 2018, Google gbé Wi-Fi ọ̀fẹ́ tí wọ́n pè ní Google Station wá sí Èkó. Nígbà tó di 2020, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun ń pa á tì.

Hotspot ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá tan hotspot fún ará yàrá rẹ̀, dátà ara rẹ̀ ló ń bù fún un, ṣùgbọ́n Wi-Fi ni fóònù kejì sábà máa ń kà á sí. Ni Play Store, tí wọ́n ti ṣètò pé kó dúró de Wi-Fi, á bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe áàpù. Google Photos á máa kó fọ́tò àti fídíò lọ síbi ìpamọ́. WhatsApp á máa wa gbogbo fídíò inú gúrúpù wọlé. Ẹni tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ka email kan péré lè jẹ ìdajì dátà ẹni kó tó dìde, láì mọ̀ rárá. Bó bá jẹ́ Android ni onítọ̀hún ń lò, kó tẹ orúkọ hotspot náà nínú Settings, kó sì yan metered, kí fóònù má bàa kà á sí Wi-Fi lásán. Bó bá jẹ́ iPhone, Low Data Mode ni kó tàn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ní 2015, Apple fi Wi-Fi Assist sínú iOS 9, títàn ni wọ́n sì gbé e jáde. Bí Wi-Fi bá ti ń fà, iPhone á rọra bọ́ sórí dátà síìmù. Ọ̀pọ̀ Android ní irú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó bá òun lójijì, kó pa dátà síìmù nígbà tó bá wà lórí Wi-Fi.

Fídíò ló ń jẹ dátà jù. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan fíìmù HD lè jẹ tó 3GB, nígbà tí 1GB lè tó wákàtí mẹ́fà fún ẹni tó bá yan Save Data. Lójú fóònù kékeré, 480p tó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí YouTube.

Ní oṣù Kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i kí wọ́n fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó lè dé ìdá 50 nínú 100. Nítorí náà, kò sí dátà tó ṣeé fi ṣòfò. Kóòdù *323# ló ń fi dátà tó ṣẹ́kù hàn lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà. Ó dára kéèyàn máa tẹ̀ ẹ́, torí pé bí dátà bá tán tí fóònù ṣì wà ní títàn, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ìpè. Ẹni tí ìṣirò kò bá yé, kó kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ tó ni síìmù rẹ̀. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, kó pe NCC lórí 622.

Ọ̀rọ̀ báńkì wá ńkọ́? Dátà ara ẹni ni kéèyàn fi ṣe é, kì í ṣe Wi-Fi ìta gbangba tí a kò mọ ẹni tó ni ín.

Kí o tó tún ra dátà, ṣí Settings, wo Data usage, kí o kọ orúkọ áàpù mẹ́ta tó jẹ dátà rẹ jù lóṣù yìí. Fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, ká jọ ṣètò wọn.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ