Kí ló dá rélùwéè Èkó dúró?

ÌBÉÈRÈ: Jẹ́léósinmi ni ọmọ mi wà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè Blue Line ládùúgbò wa ní Mile 2. Ó ti fẹ́ wọ yunifásítì kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí ló dé tí Red Line, rélùwéè Èkó kejì, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìrìn àjò rélùwéè Èkó tiẹ̀ pẹ́ ju bí ẹ ṣe kà á lọ. Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà kan rí, ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé irú rẹ̀. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985, owó ìlú sì bómi lọ.

Ní ti Blue Line, iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀, irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni iná náà sì ń gbà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀! Nítorí náà, ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ní láti là fún un: lára títì Badagry tí wọ́n ń fẹ̀ lójú lọ́wọ́ nígbà náà, lórí afárá, àti lórí omi kó tó dé Marina. Kìlómítà 13 péré àti ibùdókọ̀ 5 ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ló sì ń wá owó. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò.

Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí ìjọba àpapọ̀ ti tẹ́ ni Red Line ń lò, dísù ló sì ń mu. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fi pẹ́ tó ti Blue Line; ibùdókọ̀ àti afárá mọ́tò ló gba wàhálà jù. Àmọ́ ilé àjùmọ̀gbé ni ojú irin náà: Red Line ní láti máa yẹra fún ọkọ̀ Ìbàdàn. Ní tèmi, Blue Line ló yẹ ká fara wé, bó tilẹ̀ wọ́n.