Iṣu tí àrùn wà lára rẹ̀: bí a ṣe ń wà á, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀



Òwú ló ń mú owó wọlé, ṣùgbọ́n iṣu ló ń wà nínú ìkòkò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iṣu ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí i: iṣu dára lójú nígbà tí a wà á, àmọ́ lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta nínú àká, abẹ́ èèpo rẹ̀ ti dúdú, òmíràn ti jẹrà. Kì í ṣe inú àká ni àrùn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ti bá iṣu wá, ọwọ́ wa ló sì ń dá a padà sí oko.

Kí ló ń ba iṣu jẹ́?

Aràn kan wà nínú ilẹ̀, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ó ń wọ ara iṣu nígbà tí iṣu ṣì ń ta nínú ebè. Kì í wọ inú lọ jìnnà: sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lábẹ́ èèpo ni ó ń jẹ. Ibẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, lẹ́yìn náà á di dúdú, èèpo á sì sán. Bí a bá kó irú iṣu bẹ́ẹ̀ sí àká, aràn náà kì í kú, ṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Ojú ibi tí ó jẹ ni àwọn àrùn mìíràn ń gbà wọlé, tí iṣu fi ń rọ̀ tí ó sì ń yọ omi.

Iṣu tí ọkọ́ tàbí àdá bá gé náà lè jẹrà, bí aràn kò tilẹ̀ sí lára rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wa iṣu

Ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ gbẹ. Ẹ tú ebè láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi igi tàbí ọwọ́ yọ iṣu, kí irin má bàa gé e. Ẹ má jù ú, ẹ má sì fi í sínú oòrùn.

Kí ẹ tó kúrò lóko, ẹ fi èékánná tàbí ọ̀bẹ ha èèpo iṣu díẹ̀díẹ̀ ní orí, ní àárín àti ní ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí òkìtì mẹ́ta:

1. Èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáká. Inú òkìtì yìí nìkan ni kí ẹ ti mú èbù, kí ẹ sì mú un kí ẹ tó ronú kan ọjà tàbí ìkòkò.

2. Èyí tí ó ní ọgbẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ní àrùn. Ẹ fi eérú sí ojú ọgbẹ́ náà. Ẹ kó wọn jọ sábẹ́ ibòji, kí ẹ fi koríko gbígbẹ àti àpò bò wọ́n fún ọjọ́ 4 sí 7. Ojú ọgbẹ́ á san. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ tàbí kí ẹ tà.

3. Èyí tí àrùn ti mú. Ẹ má kó o sí àká rárá. Ẹ bẹ èèpo rẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹ gé gbogbo ibi dúdú kúrò, kí ẹ sè é jẹ tàbí kí ẹ fi ṣe gbodo. Èyí tó ti rọ̀ tó sì ń rùn, ẹ gbẹ́ ihò fún un jìnnà sí oko. Ẹ má da èèpo rẹ̀ sí oko iṣu.

Ọ̀rọ̀ èbù ni ó ṣe pàtàkì jù

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ń ta èyí tó dára, a ń jẹ èyí tó kù díẹ̀ káàtó, a sì ń fi èyí tí kò wu ojú ṣe èbù. Àrùn ni a ń gbìn yẹn. Èbù tó ní aràn, aràn ni yóò fi ta. Ó sàn kí ebè yín dín kù lọ́dún yìí ju kí ẹ gbin èbù tó ní àrùn lọ.

Nínú àká

Kí àká wà lábẹ́ ibòji, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, kí iṣu má sì kan ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yọ èyí tó ń bàjẹ́, kí ẹ sì ṣẹ́ èyí tó hù.

Ẹ má fi oògùn òwú sí iṣu, gbodo, àgbàdo tàbí ẹ̀wà láéláé. Ní ọdún 1999, oògùn òwú tó ń jẹ́ endosulfan pa ènìyàn ní Borgou, àwọn kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé oúnjẹ ni wọ́n ti bá a pàdé. Ìkòkò kì í fọ oògùn yẹn kúrò. Gbodo tó gbẹ kanrin nínú àpò tó mọ́ kò nílò rẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀

Ẹ má gbin iṣu sórí ilẹ̀ tí iṣu ti ṣàìsàn. Òwú, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀pà kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ aràn yìí. Ẹ̀wà, ilá àti yànmọ̀tí ń bọ́ ọ. Nítorí náà, oko òwú yín lè tún ilẹ̀ ṣe de iṣu.

Ẹ bi ara yín léèrè ní ìpàdé:

Inú òkìtì wo ni èbù wa ti wá lọ́dún tó kọjá?
Ta ni èbù rẹ̀ mọ́ nínú ẹgbẹ́, tí àwa yòókù lè rà lọ́wọ́ rẹ̀?
Níbo ni a ń kó oògùn òwú sí, ṣé ó jìnnà sí oúnjẹ?