BÍ A TI Ń PA BÀRÀ OLÓMI GÍGÉ MỌ́ NÍNÚ ÒTÚTÙ

Ẹ̀yin tí ń ta bàrà olómi ní gígé, ẹ ti rí i pé èyí tí ó le koko ní òwúrọ̀ a máa rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, omi rẹ̀ a sì ṣàn sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ooru nìkan ni ó fa èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Inú bàrà dàbí afárá oyin: yàrá kéékèèké ni, omi kún inú wọn, ohun kan bí àtè sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Pẹ́kítìn ni orúkọ àtè náà. Ọ̀bẹ tí kò mú kì í gé àwọn yàrá wọ̀nyí; ṣe ni ó ń tẹ̀ wọ́n fọ́. Nítorí náà ẹ pọ́n ọ̀bẹ yín dáradára, ẹ má sì gé bàrà wẹ́wẹ́ jù, nítorí bí ègé bá ti kéré tó ni ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó.

Kí ẹ tó gé e, ẹ fi omi mímọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ èèpo rẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bàrà tí ọkọ̀ kó wá láti Òkè Ọya ti sùn lórí ilẹ̀. Ìdọ̀tí èèpo ni ọ̀bẹ ń gbé wọ inú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 2011, ní Amẹ́ríkà, mẹ́lọ́nù tí kòkòrò àìfojúrí Listeria wà lára rẹ̀ pa ènìyàn 33. Kòkòrò yìí a máa pọ̀ sí i nínú òtútù pàápàá, bí ó tilẹ̀ ń falẹ̀. Fíríìjì kò lè wẹ ohun tí ọwọ́ ti bà jẹ́.

Ẹ má ṣe kó odidi bàrà ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń pọ́n. Èémí kan ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí í máa sọ inú bàrà di rírọ̀.

Ní kété tí ẹ bá gé e tán, ẹ kó o sínú abọ́ tí ó ní ọmọrí, kí ẹ gbé e sínú òtútù tí kò ju ìwọ̀n 5 Celsius lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó dì: yìnyín a máa ya àwọn yàrá náà, omi lásán ni yóò sì kù nígbà tí ó bá yọ́.

Ẹni tí ń gé púpọ̀ lè lo calcium lactate tí a ṣe fún oúnjẹ, gíráàmù 25 nínú lítà omi mímọ́ 1. Kí ó ri àwọn ègé bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 1, kí ó sì jẹ́ kí omi ro dànù. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ni í mú pẹ́kítìn dì mú ṣinṣin. Calcium chloride náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó lè korò lẹ́nu oníbàárà.

Ègé tí ó bá ti wà nínú oòrùn líle ju wákàtí 1 lọ, ẹ má ṣe dá a padà sínú fíríìjì láti tà á ní ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé ó ń dun olówò. Síbẹ̀ ẹ dà á nù.