Atamátàsé àti Afẹ́fẹ́

Àwọn àgbà ní: "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ." Ní Bisley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìdíje ìbọn ńlá ilẹ̀ náà kó lọ láti Wimbledon ní ọdún 1890, afẹ́fẹ́ ni ó ń tú àṣírí atamátàsé.

Ní yáàdì 1000, ọta ìbọn máa ń lò ju ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ kí ó tó dé ojú àmì. Bí afẹ́fẹ́ tí ń sáré máìlì 10 ní wákàtí kan bá ń lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè tì í kúrò lọ́nà ju mítà 2 lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ta àsíá sí pápá. Bí àsíá bá ṣe nà tó ni afẹ́fẹ́ ṣe lágbára tó. Ibi tí ó ń fẹ́ sí ni afẹ́fẹ́ ń lọ.

Èwo ni ó wá léwu jù? Kì í ṣe èyí tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bí ìyẹn bá yẹ̀ ní dígírì 10, ipá tí ó fi ń ti ọta kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ó kọjú síni tààrà bá yẹ̀ ní dígírì 10 péré, ìdá 17 nínú 100 agbára rẹ̀ ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọta. Ìyẹn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Bí ó bá yẹ̀ ní dígírì 30, ìdajì ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, "sine" tí a ń há sórí ní kíláàsì ìṣirò náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí ó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan ni kí ẹ máa ṣọ́.